Abọgibọ̀pẹ̀ Oníṣẹ́ Pósítì

Ẹ bá mi kí ọkùnrin kan o! Gylve Nagell lorúkọ rẹ̀, ará Kolbotn lẹ́bàá Oslo, ṣùgbọ́n Fenriz ló ń jẹ́ tí ariwo bá ti gùn ún. Lọ́dún 1995, ó gbé àwo kan jáde lábẹ́ orúkọ Isengard, ó pè é ní Høstmørke, òkùnkùn ìgbà ìwọ́wé. Ó lùlù, ó ta gìtá, ó tún kọrin. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dá gbogbo rẹ̀ ṣe tán. Ẹgbẹ́ ẹlẹ́nìkan! Ta ni yóò pẹ́ dé ibi ìdánrawò? Òun. Ta ni yóò bínú? Òun náà. Ta ni yóò wá bá wọn parí ìjà? Ẹ má bi mí.

Black metal ni wọ́n ń pe irú orin yìí. Gìtá á máa ké bí ayùn tó bá ìṣó pàdé, olórin á máa han goro-goro. Orúkọ ẹgbẹ́ tí wọ́n ń kọ sára páálí àwo, bí ẹ bá rí i kà, mo júbà yín.

Igbó ni wọ́n ní ẹ̀rù inú orin náà ti wá. Igbó wo? Igbó àyíká Oslo, níbi tí wọ́n ti fi ọ̀dà búlúù sàmì sára igi kí abọgibọ̀pẹ̀ má baà ṣìnà! Òfin ọdún 1957 ló fún tolórí tẹlẹ́mù láyè láti máa rìn nínú igbó. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ pàgọ́ gbọ́dọ̀ fi mítà 150 jìnnà sílé onílé, tó bá sì fẹ́ lò ju ọjọ́ méjì lọ nítòsí ibi tí èèyàn ń gbé, kó tọrọ àyè lọ́wọ́ onílẹ̀. Ẹbọra wo ló ń tọrọ àyè? Tí ebi bá sì pa iwin, ilé wà nínú igbó ọ̀hún tí wọ́n ti ń ta kọfí àti bọ́nsì.

Òkùnkùn wọn nìkan ni n ò lè fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ní Oslo lóṣù Kejìlá, aago mẹ́ta ọ̀sán kọjá díẹ̀, oòrùn ti wọ̀. Kí ló kù kéèyàn ṣe ju kó kígbe lọ?

Àwo náà dùn, n ò ní purọ́. Ibi tí Fenriz ti pa igbe tì, tó ń fi ohùn gbọ̀ngbọ̀n kọrin bí ará àtijọ́, ni mo fẹ́ràn jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohùn ọ̀hún kì í fìdí kalẹ̀ sójú kan.

Àmọ́ ọ̀gbẹ́ni yìí, tó ti kun ojú funfun bí òkú rí, ọ̀pọ̀ ọdún ló ti fi ṣiṣẹ́ pósítì! Òṣèlú tún wá kàn án. Lọ́dún 2016 la gbọ́ pé wọ́n ti kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ àwọn olùdíje ìgbìmọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ tí Kolbotn wà lábẹ́ rẹ̀. Ló bá gbé ológbò rẹ̀ dání, ó ya fọ́tò, ó bẹ aráàlú pé kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n má dìbò fóun. Wọ́n dì í! Ó di adelé. Nígbà náà, tí ikọ́ bá ń ṣe káńsẹ́lọ̀ lóru, Fenriz ló yẹ ká bá kẹ́dùn: òun ni wọn ì bá pè kó wá jókòó ìpàdé.