Ọwọ́ Ti Tẹ Èèkù, Ẹnu Ò Bèèrè

Bí ọwọ́ ẹni kò bá tíì tẹ èèkù idà, a kì í bèèrè ikú tó pa baba ẹni. Aláìlágbára ni àwọn àgbà ń fi òwe yìí rọ̀ pé kó ṣe sùúrù. Wọn kò rò ó pé ayé kan ń bọ̀ tí èèkù yóò kún ọwọ́ ènìyàn bámú, tí kò sì ní bèèrè ju "Ṣé fàdákà gidi ni?" lọ. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ pọ̀ láàárín àwọn tó ń kó dirk àtijọ́ jọ, ọ̀bẹ gígùn tí àwọn ọ̀gá ológun Skọ́tlándì ń so mọ́ ìdí lọ́jọ́ ayẹyẹ. Wọn yóò fi awò wo òǹtẹ̀ alágbẹ̀dẹ fàdákà, wọn yóò wádìí bóyá òkúta ni cairngorm orí èèkù àbí dígí, wọn yóò wò ó bóyá ọ̀bẹ kékeré àti fọ́ọ̀kì ara àkọ̀ pé. Bẹ́ẹ̀ ni, fọ́ọ̀kì: ohun ìjà tó bá fọ́ọ̀kì gbé inú àkọ̀ kan náà ti fẹ̀yìn tì. Kí òógùn má baà mú irin dípẹtà, ìbọ̀wọ́ ni wọ́n fi ń gbé e, débi pé ọwọ́ gan-an kò tẹ èèkù mọ́.

Ikú tó pa baba kò kúkú fara sin. Ní ọjọ́ 16 oṣù kẹrin 1746, ní Culloden, ọmọ ogun ọba tí Duke ti Cumberland kó sẹ́yìn ṣẹ́gun àwọn ará òkè Skọ́tlándì tó ń jà fún ìdílé Stuart. Ará òkè a máa fi àjákù idà rọ dirk, a sì máa fi irin rẹ̀ búra, bí àwọn oníṣẹ̀ṣe wa ṣe ń fi irin búra ní kóòtù. Ìjọba gba ohun ìjà wọn, ó sì fòfin de aṣọ ìbílẹ̀ wọn títí di 1782. Ẹni tí wọ́n bá ká a mọ́ lára lẹ́ẹ̀kejì, ọdún 7 ló máa lò nígbèkùn nílẹ̀ òkèèrè, àfi ẹni tó bá ti di ọmọ ogun ọba. Ní 1822, Ọba George Kẹrin, ọmọ-ọmọ ẹ̀gbọ́n Cumberland, gbé aṣọ yìí kan náà wọ̀ ní Edinburgh, tòun ti dirk olówó ńlá. Owó ìmúra náà lé ní 1,350 pọ́n-ùn.

Wọ́n á ní ọ̀bẹ ayẹyẹ ni, kò pa ẹnikẹ́ni. Kí ló wá dé tí irin tí kò jagun fi ń ru orúkọ ogun? Orúkọ ogun ni wọ́n fín sára ọ̀pọ̀ dirk wọ̀nyí. Waterloo wà níbẹ̀. Ashantee wà lára orúkọ ogun tí ẹgbẹ́ ọmọ ogun Skọ́tlándì tó ń jẹ́ Black Watch fi ń yangàn, torí wọ́n wà nínú àwọn tó wọ Kumasi, olú ìlú Ashanti, ní 1874, ìlú tí wọ́n dáná sun. Culloden nìkan ni kò sẹ́ni tó fín. Àwọn olùkójọ sì ń ka orúkọ wọ̀nyí dáadáa o, torí èyí tó kẹ́yìn níbẹ̀ ló ń tọ́ka sí ìgbà tí wọ́n rọ ọ̀bẹ.

Ẹlòmíràn yóò ní bí kì í bá ṣe ti àwọn olùkójọ, irin yìí ì bá ti dípẹtà tán. Mo gbà, àwọn kan nínú wọn tilẹ̀ mọ̀tàn ju olùkọ́ ìtàn lọ. Àmọ́ lọ́jà gbàǹjo, bí ọwọ́ kan bá nà sókè, kì í ṣe ìbéèrè ló ní. Owó ló fẹ́ fi kún un.