Ẹ Mira, Tíṣà!

Ọdún 35 ni mo fi ṣe tíṣà, kò sì sí ọ̀rọ̀ tí mo sọ tó "Ẹ má mira!" Ọmọ tó bá mira ní kíláàsì mi, ó jẹgba.

Lọ́jọ́ kan, mo gbéra láti Ìsẹ̀ lọ sí ọ́fíìsì ìjọba kan ní Ìkẹ́rẹ́ nítorí ìwé owó ìfẹ̀yìntì mi. Inú mọ́tò ni mo ti bẹ̀rẹ̀ ìwàásù: ní oṣù kẹrin ọdún 2024 ni owó iná àwọn oníbàárà Band A fò láti nǹkan bíi náírà 68 sí 225 lórí yúníìtì kan, síbẹ̀ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ṣì ń tan gílóòbù sílẹ̀ nínú yàrá tí kò séèyàn! Ẹnìkankan ò dá mi lóhùn.

Iyán àárọ̀ ọjọ́ náà ló gbé mi dé ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wọn. Bí mo ṣe ṣílẹ̀kùn, iná tàn. Mo bojú wẹ̀yìn, n ò rí ẹni tó tàn án, mo ṣáà ní, "Ẹ ṣé o." Mo wọ yàrá kótópó kan, mo tilẹ̀kùn, mo jókòó jẹ́ẹ́ bí òkè Olósùnta.

Iná kú.

Mo ṣépè fún NEPA. Àmọ́ mò ń gbọ́ tí fáànù ń kùn ní yàrá kejì. "Ta ló paná yẹn? Èèyàn wà níbí o!"

Ẹnìkan dáhùn níta: "Ẹ mira, sà! Sẹ́ńsọ̀ ni. Ooru ara tó bá ń rìn ló ń rí. Bẹ́ ò bá mira, lójú tiẹ̀, ẹ ò sí níbẹ̀. Ilẹ̀kùn sì tún bò yín, ẹ nawọ́ sókè!"

Mo dìde, ṣòkòtò wà lọ́rùn ẹsẹ̀, mo na ọwọ́ méjèèjì kọjá orí ilẹ̀kùn, mo ń jù wọ́n bí Aládùúrà lọ́jọ́ ìkórè. Iná tàn. Mo jókòó. Ó kú. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo jó ijó yẹn kí n tó ṣe tán.

Nígbà tí mo jáde, oníná wọn dọ̀bálẹ̀ gbalaja, tòun ti tẹ́sítà lọ́wọ́: "Ẹ káàárọ̀, tíṣà." Mo wojú ẹ̀ dáadáa. Áà! Ọmọ tí kì í lè jókòó jẹ́ẹ́ ní kíláàsì mi!

"Ẹ má bínú sà, ìṣẹ́jú kan ni mo fi sí i. Ṣé kí n sọ ọ́ di márùn-ún?"

Mo ní kó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹgba tí mo nà án ju mẹ́rin lọ.