Gbogbo Wọn Ló Bá Dagrin Jẹun

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún mọ́bí, kí ìyá ẹlẹ́kọ má baà gbọ́. Ẹnu rẹ̀ ò ṣeé fi nǹkan pamọ́ sí, kò dà bíi tèmi. Ṣé ẹ gbọ́ ariwo ọjọ́ Sọ́ńdè níwájú ṣọ́ọ̀bù bábà? Àwọn kan ní ọ̀rọ̀ owó ni, àwọn kan ní ọ̀rọ̀ obìnrin. Irọ́ ni! Orin tàkasúfèé ni. Àwọn géńdé ọkùnrin, tí ọ̀kan nínú wọn ti bímọ mẹ́ta, tó sì jẹ bàbá onílé lówó ilé (mi ò ní í sọ oṣù mélòó, ẹ bi mí tó bá yá), ni wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ àga mọ́ra wọn lórí nítorí àwo Dagrin àti ti Olamide.

Ọmọ kékeré kan tó wá gẹrun ló dá a sílẹ̀. Ọmọ tí wọn ò tíì bí nígbà tí C.E.O., àwo Dagrin, jáde lọ́dún 2009 ló la ẹnu pé YBNL tí Olamide gbé jáde lọ́dún 2012 dáa jù ú lọ. Bábà pa klípà. Ó ní òun ò ní fọwọ́ kan orí tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ti jáde. Bẹ́ẹ̀ ni ọmọ ọlọ́mọ ṣe jókòó síbẹ̀, irun wà lápá kan, apá kejì ń dán.

Bábà ní kí Dagrin tó dé, kò sẹ́ni tó ń fi Yorùbá ràápù. Mo ń ṣa ẹ̀fọ́ jẹ́jẹ́ mi ni o, ṣùgbọ́n irọ́ yẹn pọ̀ jù. Mo ké láti ojú wíńdò pé, “Lord of Ajasa ńkọ́?” Gbogbo wọn dákẹ́. Ajasa ti ń fi Yorùbá ràápù kí Dagrin tó lókìkí, àmọ́ Ajasa wà láàyè. Ta ló ń búra lórúkọ ẹni tó ṣì lè jáde wá sọ pé “n ò sọ bẹ́ẹ̀”?

Ẹ̀ṣẹ̀ Olamide gan-an nìyẹn. Láti 2011 tí Rapsodi ti jáde títí dé 2017, ọdún kan ò kọjá kí ọmọ Bàrígà yẹn má gbé àwo sílẹ̀. Ẹni tó bá ń dáná lójoojúmọ́, ọbẹ̀ rẹ̀ á já lọ́jọ́ kan, àwọn tí kò ríṣẹ́ ṣe á wá jókòó máa fún un ní máàkì. Dagrin ńkọ́? C.E.O. jáde, ìgboro dàrú. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹrin ọdún 2010, ọkọ̀ rẹ̀ kọ lu ọkọ̀ akẹ́rù tó dúró ní Mushin. Ní ọjọ́ 22, ó kú sí ilé ìwòsàn LUTH. Ní ọdún yẹn náà ni C.E.O. gba àmì-ẹ̀yẹ àwo ràápù tó dáa jù níbi Hip Hop World Awards. Kò tún sí àwo mìíràn tí yóò já ẹnikẹ́ni kulẹ̀. Àní ó ti ṣe ọ̀kan ṣáájú, Still on the Matter. Kò sẹ́ni tó dárúkọ ìyẹn ní ṣọ́ọ̀bù bábà, torí kò wúlò fún ìtàn.

Bábà wá rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní Dagrin mọ̀ pé òun máa kú, torí ó kọrin tó pè ní If I Die. Mo ní ẹ gbọ́, Biggie, olórin ràápù Amẹ́ríkà, náà pe àwo rẹ̀ ní Ready to Die lọ́dún 1994. Nígbà tí wọ́n yìnbọn pa á ní Los Angeles lóṣù kẹta ọdún 1997, ọjọ́ 16 péré ni Life After Death fi tẹ̀ lé e. Ó bani lẹ́rù, mo gbà. Àmọ́ àwọn tó ti kọrin ikú tí wọ́n ṣì ń jẹyán dòní, ta ló ń kà wọ́n? Ìyá àgbà yàrá ẹ̀yìn ti ń sọ pé òun fẹ́ kú láti ìgbà tí mo ti kó dé ilé yìí. Òun náà ló wà níwájú níbi ìsìnkú gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ajẹgbèsè wa ní Tupac, olórin ràápù Amẹ́ríkà mìíràn, ò kú rárá, pé Cuba ló wà. Ẹni tí wọ́n yìnbọn lù ní Las Vegas lọ́jọ́ 7 oṣù kẹsàn-án ọdún 1996, tó kú lọ́jọ́ 13! Àwo mẹ́rin ló dá ṣe nígbà ayé rẹ̀, mẹ́fà ni wọ́n tún gbé jáde lẹ́yìn ikú rẹ̀. Òkú yẹn ṣiṣẹ́ ju ọmọ bàbá onílé lọ. Mo fẹ́ bi í pé ta ló ń bá Tupac sanwó ilé ní Cuba, mo wá rántí pé ọ̀rọ̀ owó ilé ò yẹ ká mẹ́nu bà níwájú òun.

Ibẹ̀ la wà tí bàbá onílé fi jáde tòun ti pákò lẹ́nu. Ó ní gbogbo wọn ò mọ olórin, Ayinla Omowura lolórin. Ó ròyìn bí máńéjà rẹ̀ àtijọ́ ṣe fi ife lù ú lórí nílé ọtí l'Ábẹ́òkúta lóṣù karùn-ún ọdún 1980, nítorí ọ̀rọ̀ alùpùpù. Ọmọ onírun àbọ̀ fò dìde: “Mo mọ̀ ọ́n!” Ó na fóònù sí bàbá. Lateef Adedimeji ni, tó ṣe Ayinla nínú fíìmù tí Tunde Kelani gbé jáde lọ́dún 2021! Bàbá kọ́kọ́ bínú. Nígbà tó yá, ó gba fóònù, ó fi ojú sí i dáadáa, ó ní, “Ó kúkú jọ ọ́.”

Ajẹgbèsè wa ò fẹ́ kí bàbá gba ìtàn mọ́ òun lọ́wọ́. Lọ́dún tó kọjá, ohun tó sọ fún wa ni pé òun rí Dagrin lókèèrè. Nígbà Iléyá, wọ́n ti bọwọ́. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè yìí, àwọn méjèèjì jọ jẹ àmàlà ní Méíran, Dagrin sì bu ẹran tirẹ̀ fún un. Ìyàwó ajẹgbèsè wa ń pọnmi kọjá, ó gbọ́. Ó ní, “Bàbá Síkírá, ọdún wo? Ṣebí èmi pẹ̀lú yín la jọ wà ní Ìkàrẹ́ títí di 2012.”

Mo ti ń pàtẹ́wọ́ pé ó tán. Àfi bí bábà ṣe yíjú sí obìnrin náà tìbínú-tìbínú: “Ìyá Síkírá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa gbé omi yín lọ. Bọ̀dá, ẹran wo ló bù fún yín?”