Aláṣẹ Tí Kò Létí

Ẹni tí kò gbọ́ ju èdè kan lọ kò lè pẹ́ lórí àtẹ ní Treichville ní Abidjan. Ìyá Anàgó, bí wọ́n ti ń pe Yorùbá níbẹ̀, tó ti Ẹ̀jìgbò wá pàtẹ sí ọjà ibẹ̀ yóò fi Faransé dá ẹni tó wá gbowó ọjà lóhùn, yóò fi Jùlá bá oníbàárà nájà, yóò sì fi èdè Ẹ̀jìgbò bá ọmọ rẹ̀ wí, gbogbo rẹ̀ láàárín kí ó fi ka ṣéńjì tán. Irú iṣẹ́ yìí gan-an ni àwọn tó ń ta rìmóòtù gbogboǹṣe, èyí tí Abidjan ń pè ní télécommande universelle, sọ pé ọjà àwọn ń ṣe: yóò bá tẹlifíṣọ̀n sọ èdè tẹlifíṣọ̀n, yóò bá dikódà sọ èdè dikódà, kò sì ní sí rìmóòtù márùn-ún lórí tábìlì mọ́. Àfiwé náà dùn létí. Àmọ́ ìyá yìí ní etí, rìmóòtù kò ní, ibẹ̀ sì ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Ẹni tó bá ti ra àgbo gbogboǹṣe rí nínú ọkọ̀ kò yẹ kí orúkọ náà tún tàn án jẹ.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ka àwọn ìjòyè tó wà nínú pálọ̀ kí á tó fi ọba jẹ. Tẹlifíṣọ̀n ní rìmóòtù tirẹ̀. Dikódà Canal+ ní tirẹ̀. Láti ọdún 2019 tí Abidjan ti bẹ̀rẹ̀ sí í gba tẹlifíṣọ̀n lọ́nà ìgbàlódé tí wọ́n ń pè ní TNT, tẹlifíṣọ̀n tó bá ti dàgbà tún nílò àpótí kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àpótí náà sì gbé rìmóòtù tirẹ̀ wálé bí ìyàwó tó mú ọmọ ọ̀dọ̀ dání. Lẹ́yìn wọn ni họ́ọ̀mù tíátà pẹ̀lú sípíkà márùn-ún àti bàbá wọn kan tó ń kùn lábẹ́ tábìlì. Èyí ló ń dá wàhálà sílẹ̀ jù, nítorí pé tòkunbọ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn, èyí tí Abidjan ń fi ẹ̀fẹ̀ pè ní France au revoir, ìyẹn ni pé ó ti dágbére fún Faransé. Ohun tó bá sì dágbére báyẹn kì í sábà rántí mú rìmóòtù rẹ̀ dání.

Bí wọ́n ṣe ń fi gbogboǹṣe joyè nìyí. Ẹ ó ki bátìrì bọ̀ ọ́ nídìí, ẹ ó tan tẹlifíṣọ̀n, ẹ ó tẹ bọ́tìnnì SET mọ́lẹ̀ títí iná pupa yóò fi dúró láìṣẹ́jú. Ẹ ó wá ṣí ìwé pélébé tó bá a wá, tí lẹ́tà inú rẹ̀ kéré bí ẹyin èèrà, kí ẹ wá oríkì tẹlifíṣọ̀n yín níbẹ̀: nọ́ńbà mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo lè ní oríkì rẹpẹtẹ, ẹ ó sì máa kì í lọ títí tẹlifíṣọ̀n yóò fi jẹ́. Bí orúkọ rẹ̀ kò bá sí nínú ìwé rárá, ẹ ó jẹ́ kí rìmóòtù máa dán oríkì wò lọ́kọ̀ọ̀kan títí tẹlifíṣọ̀n yóò fi kú. Ikú yẹn ni àmì pé ó gbọ́. Àwọn kan tún wà tó lè kọ́ èdè lẹ́nu àgbà: ẹ ó kọjú rìmóòtù àtijọ́ sí tuntun, imú sí imú, kí ó máa kọ́ ọ ní bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan. Ọ̀nà tó dára ni, àfi pé àgbà tó yẹ kó kọ́ni ṣì wà ní Marseille. Ìmọ́lẹ̀ tí ojúyòójú kò rí ni gbogbo wọn fi ń sọ̀rọ̀, àmọ́ ẹnu wọn kò kò. Èdè RC-5 tí Philips dá sílẹ̀ ń ṣẹ́jú ní ìwọ̀n ìgbà 36,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ti NEC 38,000, ti Sony 40,000. Ìmọ́lẹ̀ kọ́ ló ní kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Oníkálukú ló fẹ́ kí ọmọ òun máa jẹ́ ìpè òun nìkan.

Ẹ jẹ́ ká gbà pé ó ti kọ́ gbogbo èdè wọ̀nyí tán. Ó kù síbì kan. Wọ́n ní bọ́tìnnì kan ṣoṣo yóò tan tẹlifíṣọ̀n, yóò tan họ́ọ̀mù tíátà, yóò tan dikódà, tẹ̀léra-tẹ̀léra. Lára ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ, àṣẹ kan náà ló ń tanná tó tún ń paná. Bí ọmọ tó gbé àwo àtíyéké bá gba iwájú tẹlifíṣọ̀n kọjá ní àkókò tí àṣẹ ń lọ, tẹlifíṣọ̀n kò ní gbọ́. Àwọn yòókù gbọ́, wọ́n jí. Onílé yóò tún bọ́tìnnì tẹ̀. Tẹlifíṣọ̀n jí, àwọn yòókù sùn. Bí ó bá fi ibínú tẹ̀ ẹ́ ní ìgbà kẹwàá, wọ́n kàn ń pààrọ̀ oorun ni. Rìmóòtù náà kò mọ nǹkan kan nípa gbogbo èyí, nítorí pé ẹnu nìkan ni wọ́n dá mọ́ ọn. Lójú tirẹ̀, àṣẹ ti ṣẹ. Àwọn baba wa tó ní etí ọba nílé, etí ọba lóko, ènìyàn ní ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, mọ ìdí tí wọn kì í fi í fi ẹnu lásán joyè. A kò kúkú ṣàì mọ irú aláṣẹ yìí níta pálọ̀. Alága ẹgbẹ́ ọmọ ìlú tó ti WhatsApp pa kí òun nìkan lè máa sọ̀rọ̀ níbẹ̀, gbogboǹṣe ni. Baálé tó ń ti Avenue 16 ní Treichville fi fóònù kọ́lé sí Ẹ̀jìgbò, tó ń pàṣẹ páànù nígbà tí wọn kò tíì rí ilẹ̀ gbẹ́, gbogboǹṣe ni òun náà.

Ẹnìkan á ní ọjà olówó pọ́ọ́kú ni mò ń fi ṣe ẹlẹ́yà. Ó dára, ẹ jẹ́ ká lọ sọ́dọ̀ àwọn ọlọ́lá. Steve Wozniak, ọ̀kan nínú àwọn tó dá Apple sílẹ̀, ṣe rìmóòtù gbogboǹṣe tirẹ̀ ní 1987, ó pè é ní CORE. Ó gbọ́n débi pé ẹni tó bá fẹ́ jèrè rẹ̀ dáadáa ní láti gbọ́n bíi Wozniak, kò sì tà lọ títí. Logitech ra ilé iṣẹ́ tó ṣe rìmóòtù gbogboǹṣe Harmony ní 2004. Harmony ló súnmọ́ ohun tí à ń wá jù, nítorí pé ó mọ̀ pé òun dití: bí nǹkan bá dàrú, ẹ ó tẹ bọ́tìnnì Help, yóò sì bi yín bóyá tẹlifíṣọ̀n ti tàn. Ọba tó ń bi ará ìlú pé ṣé òun ṣì wà lórí oyè! Ní oṣù Kẹrin ọdún 2021, Logitech kéde pé àwọn kò ní ṣe é mọ́.

Àtakò tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ jù ni ti CEC, ìlànà tó wà nínú okùn HDMI láti 2002, tó ń jẹ́ kí àwọn ẹ̀rọ bá ara wọn sọ̀rọ̀ kí wọ́n sì gbọ́ èsì. Mo gbà: etí wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n Samsung ń pè é ní Anynet+, LG ní Simplink, Sony ní BRAVIA Sync, bí ẹni pé wọn kò fẹ́ kí ará ilé mọ̀ pé ọmọ ìyá ni wọ́n. Họ́ọ̀mù tíátà France au revoir tó jẹ́ pé okùn pupa, funfun àti yẹ́lò nìkan ló mọ̀ kò sì sí nínú àpèjẹ náà. Fóònù tó ń ṣiṣẹ́ rìmóòtù ńkọ́? Adití ni òun náà, àti pé bí Ẹ̀jìgbò bá ti pè lórí rẹ̀, ọba ti bọ́ sílẹ̀ lórí ìtẹ́ nìyẹn. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ju àwọn rìmóòtù àtijọ́ tí wọ́n fi ọ̀rá wé nù. Wọn kò pé méje, ṣùgbọ́n àwọn ni Ọ̀yọ́ Mèsì pálọ̀.

Ẹ tún wo ibi tí àṣẹ rẹ̀ mọ, kódà lọ́jọ́ tí gbogbo nǹkan bá ṣiṣẹ́. Lálẹ́ ọjọ́ 11 oṣù Kejì ọdún 2024, Nàìjíríà àti Côte d'Ivoire pàdé ní pápá ìṣeré Ebimpé fún àṣekágbá Ife Ẹ̀yẹ Áfíríkà. Nínú ilé Anàgó ní Treichville, níbi tí ìwé ìrìnnà bàbá ti jẹ́ ti Nàìjíríà tí ọmọ sì wọ aṣọ ọsàn àwọn Éléphants, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Côte d'Ivoire, kò sí bọ́tìnnì tó lè bá wọn parí rẹ̀. Ní ìṣẹ́jú 38, Troost-Ekong ti Nàìjíríà fi orí kan bọ́ọ̀lù wọlé. Ọwọ́ bàbá lè lọ síbi ìgbóhùnsókè. Ní ìṣẹ́jú 62, Kessié ti Côte d'Ivoire dá a padà. Bọ́tìnnì tó ń pa ohùn mọ́ wà lórí gbogboǹṣe tó burú jù lọ pàápàá, ó sì máa ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ ní ìṣẹ́jú 81 tí Haller sọ ọ́ di méjì sí ọ̀kan, tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ dákẹ́, sípíkà márààrún dákẹ́, bàbá wọn abẹ́ tábìlì dákẹ́, Treichville ń pariwo.