Oríkì Àmì Àyọlò, Ẹ̀jìrẹ́ Asókòrò

Àmì àyọlò, mo kí ọ o!
Ẹ̀jìrẹ́ Asókòrò, a-kéré-bí-iná-orí-da-fáìlì-rú.
A-kò-lọ́rọ̀-tirẹ̀, a-gbé-t’ẹlòmíràn-rù.
Aṣíwájú tí kò mọ̀nà, akẹ́yìn tí kì í dágbére.
A-dé-Sẹ̀mẹ̀-pààrọ̀-ẹ̀wù, a-dé-Kútọnu-sọ-Faransé.
Ìwọ tí ẹnu rẹ kò sọ nǹkan kan rí, tí gbogbo ọ̀rọ̀ ńlá sì gbọ́dọ̀ gba àárín ẹsẹ̀ rẹ kọjá.
Dìde, kí o wá gba oyè. Bí o kò bá lè dìde, tẹ̀ kọ́rọ́, bí o ti máa ń ṣe.

Ẹ̀yin ará, ẹ má wò mí bí ẹni tó ti mu ẹmu àárọ̀. Ní Àbújá, ẹni tó ní ọkọ̀ mẹ́fà lẹ́yìn, tí síréènì ń ké níwájú rẹ̀, ni àwọn onílù máa ń kì lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn. Ẹni tí mo mú wá lónìí kò ní ọkọ̀, kò ní ọlọ́pàá, kò sì fún ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀ rí. Síbẹ̀, n kò tíì rí mínísítà tó mọ bí a ṣe ń dá òṣìṣẹ́ dúró sí ọ́fíìsì ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ tó o.

Asókòrò ni kí ẹ ti wá a. Àjọ ECOWAS, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Èkó ní ọjọ́ 28 oṣù Karùn-ún ọdún 1975, ti fi ibẹ̀ ṣe ilé fún ọdún gbọọrọ. Kóòtù rẹ̀ náà ń bẹ ní Àbújá. Èdè mẹ́ta ni iṣẹ́ wọn ń bá rìn: Gẹ̀ẹ́sì, Faransé àti Potogí. Nígbà tí Mali, Burkina Faso àti Niger kó ẹrù wọn jáde ní ọjọ́ 29 oṣù Kìíní ọdún 2025, orílẹ̀-èdè 12 ló ṣẹ́kù: márùn-ún ń fi Gẹ̀ẹ́sì ṣèjọba, márùn-ún ń fi Faransé, méjì ń fi Potogí. Àwọn ológun mẹ́ta lọ, wọn kò mú « », aṣọ Faransé rẹ, dání. Ìwọ Ẹ̀jìrẹ́ kò bá wọn ṣọ̀tẹ̀. O jókòó sórí tábìlì, ò ń dúró de ìwé tí yóò ti inú èdè kan bọ́ sí òmíràn.

Nínú ìwé Gẹ̀ẹ́sì, òkè lo máa ń wà: “báyìí”. Kí wọ́n tó túmọ̀ rẹ̀ tán sí Faransé, o ti sọ̀kalẹ̀ wá sí agbedeméjì ìlà, o sì ní kí wọ́n fi àyè sílẹ̀ fún ọ nínú ilé: « báyìí ». Àyè yẹn kì í ṣe àyè lásán o. Àlàfo tí kì í já ni, òun ló so ọ́ mọ́ ọ̀rọ̀ kí o má baà dá ṣubú sórí ìlà tó tẹ̀lé e. Guillemets ni àwọn Faransé ń pè ọ́, wọ́n sì máa ń tọpa orúkọ náà dé ọ̀dọ̀ Guillaume Le Bé, agbẹ́-lẹ́tà fún ìwé títẹ̀ ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún. Lísbọ̀nù náà máa ń wọ̀ ọ́ ní aṣọ yẹn, àmọ́ wọn kò fún ọ ní àlàfo: «báyìí». Ní Brazil, tó jẹ́ èdè kan náà ni wọ́n ń sọ, o padà di “báyìí”. Jámánì ní kí Táyé tó ń ṣí ọ̀rọ̀ jókòó sílẹ̀, kí Kẹ́hìndé tó ń pa á dé gun àjà: „báyìí“. Àwọn ará Sweden kọjú ẹ̀yin méjèèjì sí ibì kan náà: ”báyìí”. Ẹ̀jìrẹ́, ọmọ ìlú wo gan-an ni ọ́?

Ní ọdún 1996, ọ̀gágun Sani Abacha kéde pé Nàìjíríà yóò máa sọ Faransé mọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Gbogbo wa gbọ́, a rẹ́rìn-ín, a bá tiwa lọ. Ìwọ nìkan lo gbọ́ràn.

Táípúráítà ló kọ́kọ́ sọ ẹ̀yin méjì di ọ̀kan. Kí bọ́tìnì má baà pọ̀ jù, wọ́n ṣe ọ́ ní ìlà kéékèèké méjì tó dúró ṣánṣán, ", kò sẹ́ni tó mọ Táyé yàtọ̀ sí Kẹ́hìndé mọ́. Nígbà tí wọ́n sì to lẹ́tà fún kọ̀ǹpútà nínú ASCII lọ́dún 1963, bí wọ́n ṣe gbà ọ́ wọlé náà nìyẹn, ní nọ́ńbà 34, àyè kan ṣoṣo fún ẹni méjì. Ìdí nìyí tí bọ́tìnì rẹ fi jẹ́ ẹyọ kan lórí kíbọọ̀dù títí dòní, tí Word sì ní láti máa méfò irú ẹni tí o jẹ́ nígbàkigbà tí a bá tẹ̀ ọ́. Bí àlàfo bá ṣáájú rẹ, o di Táyé. Bí lẹ́tà bá ṣáájú rẹ, o di Kẹ́hìndé. Ó parí.

Ojú àwa ọmọ Yorùbá ti rí nǹkan nínú ìméfò yìí, pàápàá lọ́dọ̀ àbúrò rẹ ẹlẹ́yọ kan. A máa ń gé orúkọ. Olúgbénga di ’Gbénga, Ọládélé di ’Délé, Ìbàdàn di ’Bàdàn. Àmì tó dípò lẹ́tà tó jábọ́ gbọ́dọ̀ tẹ̀ síhà ibi tí ẹni tí ń pa ilẹ̀kùn dé máa ń tẹ̀ sí. Word rí àlàfo níwájú rẹ̀, ó ní “ọ̀rọ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ nìyí”, ó bá kọ ọ́ ní ‘Gbénga. Ọkọ ìyàwó jókòó jẹ́ẹ́ sílé rẹ̀, káàdì ti sọ ọ́ di ẹni tó la ẹnu tí kò pa á dé mọ́. Ẹ wo àwọn káàdì ìgbéyàwó tí wọ́n ń tẹ̀ ní Area 1 ní Garki dáadáa, kí ẹ ka iye ‘Délé tó wà níbẹ̀ sí ’Délé.

Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ìwé bá fẹ́ pààrọ̀ èdè gan-an ni agbára rẹ máa ń hàn. Atúmọ̀ èdè á sàmì sí gbogbo ìwé, á lọ sí Review, á yan Faransé. Word á gbà. Á bẹ̀rẹ̀ sí í fa ìlà pupa sábẹ́ gbogbo ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó kù bí ẹni pé kò rí i rí. Ìwọ ńkọ́? O kò mira. Èyí tí wọ́n ti tẹ̀ tẹ́lẹ̀ ṣì wọ aṣọ London, èyí tí wọ́n ń tẹ̀ lọ́wọ́ wọ ti Paris, ojú ewé kan náà di ibodè. Ó wá di kí wọ́n ṣí Find and Replace. Níbẹ̀ pàápàá, ojú Word kì í ríran tó: bí wọ́n bá ní kó wá Táyé, á mú Kẹ́hìndé wá, á tún kó " mọ́ wọn, àfi bí wọ́n bá fàmì sí Use wildcards. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n á da “ kọ láti inú ìwé, tí wọ́n á fi «^s rọ́pò rẹ̀, wọ́n á ṣe bẹ́ẹ̀ fún ”, wọ́n á fi ^s» rọ́pò tirẹ̀. ^s yẹn ni àlàfo tí kì í já. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n á fi àlàfo gbẹ̀fẹ́ ṣe é, ọjọ́ tí ọ̀gá bá sì fi fọ́ǹtì tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ tẹ ìwé náà, » á já wálẹ̀, á dá dúró níbẹ̀rẹ̀ ìlà, kò ní lè sọ ohun tó wá ṣe níbẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ̀ ọ́, Alt àti 0171 ni Táyé Faransé, Alt àti 0187 ni Kẹ́hìndé. Nọ́ńbà ti apá ọ̀tún kíbọọ̀dù ló ní láti jẹ́ o, ọ̀pọ̀ laptop kékeré kò sì ní apá yẹn. LibreOffice ní tirẹ̀ ṣe ààfin fún ọ: Tools, AutoCorrect Options, Localized Options. Kálukú á lọ yan aṣọ tó fẹ́ kí o wọ̀, ọ̀fẹ́ sì ni.

A-bọ́-sínú-íméèlì-di-â€œ,
Ẹlẹ́nu-mẹ́ta-tí-kò-gbédè-kan,
A-bá-SMS-wọlé-sọ-owó-kan-di-mẹ́ta!

Ti owó yẹn kì í ṣe àsọdùn. Lẹ́tà 160 ni SMS kan ń gbà. Bí ẹyọ “ kan péré bá wọ inú rẹ̀, ó di 70, nítorí pé àmì tó tẹ̀ kò sí lára lẹ́tà tí wọ́n kọ́kọ́ tò fún SMS. Ìkéde ìpàdé ẹgbẹ́ tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ, tó jẹ́ lẹ́tà 150, tí akọ̀wé dà kọ láti inú Word láìtún un wò, á di SMS mẹ́ta fún ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Akápò á ní àwọn kan ń kówó jẹ.

Ibi tí oríkì yìí ti ń korò lẹ́nu mi ni mo dé yìí. « ní nọ́ńbà tirẹ̀ nínú Unicode, 00AB. “ ní tirẹ̀, 201C. Lẹ́tà tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́, tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀rí, tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀tọ́, kò ní. Lẹ́tà “ẹ” ní nọ́ńbà, àmì ohùn ní nọ́ńbà, a sì ní láti to ọ̀kan lé èkejì lórí, kí a máa bẹ fọ́ǹtì pé kó má jẹ́ kí ó yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìwọ tí o kò lọ́rọ̀ tirẹ ní ilé ní gbogbo àdúgbò. Lẹ́tà tí a fi ń sọ̀rọ̀ ń gbé yàrá àjùmọ̀gbé. Láti ọdún 1975 ni orílẹ̀-èdè Benin ti ní álífábẹ́ẹ̀tì tó ń fi ɛ àti ɔ kọ ohun tí àwa ń fi ẹ àti ọ kọ. Ará Ìbàdàn á kọ “Ẹ káàárọ̀”, ará Kétu ní Benin á kọ « Ɛ káàárɔ̀ ». Ìkíni kan náà ni, ẹnu kan náà ni. Bí ìwé méjèèjì bá pàdé lórí tábìlì kan ní Àbújá, aṣọ tìrẹ ni olóòtú máa kọ́kọ́ tún ṣe.

Ẹ jẹ́ kí n sọ àṣírí ọba yìí. Bí Word bá ti wọ̀ ọ́ láṣọ tán, kí ẹ tẹ Ctrl àti Z lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Aṣọ á bọ́, ọ̀rọ̀ kò ní sọnù, á ku ìlà méjì tó dúró ṣánṣán.

Iye ọ̀rọ̀ ni wọ́n sì máa ń kà sanwó fún atúmọ̀ èdè. Àmì àyọlò kì í ṣe ọ̀rọ̀, nítorí náà gbogbo wákàtí tó bá lò lórí rẹ̀, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé iṣẹ́ ìtumọ̀ síta ní Àbújá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ irú àmì tí ẹ fẹ́ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá sì yí ọkàn padà lẹ́yìn tí ó ti parí, ẹ san owó rẹ̀ lọ́tọ̀.