Okùn Ọrùn Kò Yẹ Adìẹ: Bọ́nẹ́ẹ̀tì Tírélà Lórí Micra

Ohun tó yẹ ni ló yẹ ni, okùn ọrùn kò yẹ adìẹ. Àgbà tó pa òwe yìí mọ ewúrẹ́, ó mọ adìẹ, ó sì mọ̀ pé ẹsẹ̀ ni wọ́n ń so adìẹ. Kò tíì rí Micra, ọkọ̀ kékeré tí wọ́n fi ń kó èrò n'Ìbàdàn. Lóde òní, àwọn kan ti rí bí bọ́nẹ́ẹ̀tì tírélà onímú gígùn ṣe ń dojú délẹ̀ síwájú nígbà tí wọ́n bá fẹ́ tún ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣe, wọ́n sì ti pinnu pé irú rẹ̀ gan-an ló kù tí ọkọ̀ kékeré tiwọn fi máa pé. Wọ́n ti rí i pé adìẹ náà ní ọrùn. Okùn nìkan ni wọ́n ń wá kiri.

Bọ́nẹ́ẹ̀tì tírélà kò ṣàdédé máa ṣí síwájú. Lára Mack R, tó jáde ní 1966 tó sì pẹ́ lójú títì Nàìjíríà, fáíbà ni wọ́n fi ṣe é, fẹ́ńdà méjèèjì wà lára rẹ̀, hínjì rẹ̀ sì wà nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, nítòsí bọ́ńpà. Bí wọ́n bá tú ìkọ́ ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, tí wọ́n fà á síwájú, ẹ́ńjìnnì á wà ní gbangba láti òkè dé ìsàlẹ̀. Mẹkáníìkì á bọ́ sáàárín táyà àti ẹ́ńjìnnì, ọwọ́ rẹ̀ á sì tó gbogbo ibi tó ń wá. Okùn wáyà ló ń dá bọ́nẹ́ẹ̀tì náà dúró kó má baà wó lulẹ̀ tán. Ẹ́ńjìnnì irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ga, ó gùn, ó sì wúwo. Ẹni tó bá ní òun yóò ti iwájú tẹ̀ wọ inú rẹ̀ kò ní dé ìdajì ọ̀nà.

Àǹfààní kejì ni èyí tí àwọn aláfarawé fẹ́ràn jù láti máa kà síni létí, òótọ́ sì ni. Bọ́nẹ́ẹ̀tì tó ti ẹ̀yìn so, bí ìkọ́ rẹ̀ bá já lórí eré, afẹ́fẹ́ á gbé e sókè, á là á mọ́ gíláàsì iwájú, awakọ̀ kò sì ní rí títì mọ́. Èyí tó ti iwájú so, afẹ́fẹ́ kan náà ni yóò tún máa tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

Àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ kékeré náà ti ṣe é rí, ó sì dára lọ́wọ́ wọn. Gbogbo iwájú Triumph Herald, tó jáde nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1959, ló ń ṣí lẹ́ẹ̀kan náà, àti bọ́nẹ́ẹ̀tì, àti fẹ́ńdà, àti iná. Jaguar E-Type tẹ̀lé e ní 1961. Ti Saab 900 máa ń kọ́kọ́ yọ̀ síwájú díẹ̀ kó tó tẹ̀ ba; BMW E30 àti Corvette ọdún 1984 náà wà nínú ẹgbẹ́ yìí. Àwọn tó ń fi Mini sáré ìje nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tilẹ̀ máa ń yọ iwájú onírin kúrò, wọ́n á fi ti fáíbà tó ń ṣí síwájú rọ́pò rẹ̀ kí ọkọ̀ lè fúyẹ́. Ṣùgbọ́n wọn kì í fi Mini bẹ́ẹ̀ kó èrò márùn-ún àti àpò gàrí méjì.

Ohun tí ó yẹ kí ẹni tó ń wo àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí bèèrè ni pé, kí ló gbé wọn ró nígbà tí wọ́n ṣí iwájú wọn dànù? Ti Herald, ṣáásì ni. Ilé-iṣẹ́ Fisher & Ludlow tó ń bá Triumph ṣe bọ́dì ti bọ́ sọ́wọ́ BMC, tí òun àti Triumph jọ ń du ọjà; ni Triumph bá ń ṣe bọ́dì ní wẹ́wẹ́, ó ń fi bóòtù dè é mọ́ orí ṣáásì. Ti Jaguar, irin gbọọrọgbọọrọ tí wọ́n so pọ̀ ló gbé ẹ́ńjìnnì, bọ́nẹ́ẹ̀tì kàn wà lórí rẹ̀ bí ìbora ni. Ìbàdàn kì í ṣe àjèjì sí irú iṣẹ́ yìí. Bọ́lẹ̀kájà tó ń kó kòkó àti èrò nígbà kan, ṣáásì, ẹ́ńjìnnì àti imú Bedford ló ń ti òkè òkun bọ̀, káfíńtà ló ń fi pákó kan ìyókù. Mólùé Èkó náà, orí ṣáásì Mercedes 911 ni àwọn wẹ́dà ti kan án. Kò sí ẹni tó lè fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, torí ṣáásì ló ń ru ẹrù. Ohun yòówù tí wọ́n bá kàn sókè, wọn kò gé eegun ọkọ̀.

Micra tó gba ìgboro kan, láti Bẹẹrẹ dé Beyerunka, kò ní ṣáásì bẹ́ẹ̀. Irú Micra tí wọ́n ń pè ní K11, tí wọ́n fún ní oyè ọkọ̀ ọdún nílẹ̀ Yúróòpù ní 1993, bọ́dì rẹ̀ gan-an ni eegun rẹ̀. Irin tó dábùú lókè rédíétọ̀ ló so apá ọ̀tún mọ́ apá òsì. Òun ló di rédíétọ̀ mú, lára rẹ̀ náà ni ìkọ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì wà. Ẹni tó bá fẹ́ kí gbogbo iwájú máa ṣí bíi ti Mack, irin yìí ni yóò kọ́kọ́ gé. Lẹ́yìn náà, gbogbo kòtò tí ọkọ̀ bá já sí ni yóò máa ya apá méjèèjì nípá, táyà á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Bí ó bá forí sọ nǹkan, ibi tó yẹ kó wó díẹ̀díẹ̀ kí ìjàǹbá má baà dé ọ̀dọ̀ èrò ti di àlòkù irin lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù wẹ́dà.

Ọlọ́gbọ́n àárín wọn á ní òun kò gé nǹkan kan, ìdí bọ́nẹ́ẹ̀tì nìkan lòun fẹ́ yí padà. Hínjì ló máa kọ́kọ́ dá a lóhùn. Bí ẹ̀yìn bọ́nẹ́ẹ̀tì bá ń gòkè, etí iwájú rẹ̀ ń lọ sísàlẹ̀. Bí hínjì kò bá yọ síwájú tó, etí náà á gún rédíétọ̀ tàbí kó há sí bọ́ńpà. Ìkọ́ á kó lọ sẹ́yìn, sẹ́gbẹ̀ẹ́ wáípà, yóò sì di méjì, nítorí ọ̀kan ṣoṣo láàárín kò lè mú igun méjèèjì kí wọ́n má gbọ̀n.

Ìgboro Ìbàdàn ni yóò wá gba ìyókù ìdánwò náà. Ohun tí awakọ̀ Micra ń tìtorí rẹ̀ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì jù ni omi rédíétọ̀, rédíétọ̀ sì wà níwájú pátápátá. Bọ́nẹ́ẹ̀tì tuntun yìí á wá di ògiri níwájú rẹ̀. Ẹ̀yìn, láti apá gíláàsì, ni dírẹ́bà yóò ti máa na kẹ́ẹ̀gì omi kọjá lórí ẹ́ńjìnnì tó ń hó. Ìyẹn bí bọ́nẹ́ẹ̀tì bá ráyè ṣí. Ní Ọjà'ba nírọ̀lẹ́, bọ́ńpà ọkọ̀ kan ń kan ìdí èkejì. Ọkọ̀ tó bá gbóná níbẹ̀, olówó rẹ̀ á máa bẹ ẹni iwájú: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún síwájú díẹ̀, bọ́nẹ́ẹ̀tì mi fẹ́ ṣí.” Èsì tí yóò gbà kò ní í ṣòro láti mọ̀: “Ṣé orí àtẹ ìyá ẹlẹ́ja yìí ni kí n sún sí?”

Ti òkè Mápó tún yàtọ̀. Àwọn tó kọ́ gbọ̀ngàn ìlú sórí rẹ̀ tán ní 1929 kò ro ti ẹni tí yóò ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì síwájú. Bí ọkọ̀ bá kọjú sókè, bọ́nẹ́ẹ̀tì yóò fẹ́ padà wá bo mẹkáníìkì mọ́lẹ̀ láti iwájú. Bí ó bá kọjú sísàlẹ̀, yóò já lọ síwájú, yóò sì fa wáyà iná tu bí iná bá wà lára rẹ̀. Tírélà ní okùn tó ń dá a dúró. Okùn tí àwọn aláfarawé ní ni ti ọrùn adìẹ.

Kì í ṣe pé panẹbítà Ìbàdàn kò lè ṣe é. Wọn yóò ṣe é, wọn yóò sì gba owó, torí oníbàárà ló ni ọkọ̀. Ẹni tó bá wù láti máa rí bọ́nẹ́ẹ̀tì tó ń ṣí síwájú lójoojúmọ́, kó ra BMW E30, tó ti ilé-iṣẹ́ jáde bẹ́ẹ̀. Ẹni tó sì jẹ́ pé ẹ̀rù afẹ́fẹ́ ló ń bà á ní tòótọ́, ìkọ́ méjì ló wà lójú kan náà lára bọ́nẹ́ẹ̀tì Micra rẹ̀, èyí tó ń tì í pa àti èyí tó ń gbà á dúró bí ti àkọ́kọ́ bá já: kó fi gíríìsì sí ti àkọ́kọ́, kó fi ọwọ́ dán èkejì wò bóyá ó ń mú, bí ó bá sì ti jẹ, kó lọ ra òmíràn lọ́jà Arárọ̀mí ní Gate.