Bí Ebi Bá Kúrò Nínú Ẹja

Àwọn àgbà ní bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. Ẹni tó kọ́kọ́ la ẹnu sọ ọ́ mọ ohun tó ń wí. Ó ti rí ilé tí wọ́n dojú ìkòkò dé, ó sì mọ̀ pé ẹni tó bá yó lónìí ni yóò ráyè ronú owó ilé lọ́la. N kò bá a jiyàn. Ìran kan ṣoṣo ni mo fẹ́ bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n yọ kúrò lábẹ́ òfin yìí: ìran tó ń gbé inú gíláàsì ní pálọ̀ àwọn èèyàn ńlá ní Lẹ́kì, Màgódò àti Bódìjà, tí iná aláwọ̀ búlúù ń tàn sí lára tọ̀sán tòru. Ní tiwọn, bí ebi bá kúrò nínú ẹja, ẹja bùṣe.

Ẹ wo Ọ̀gá bó ṣe ń múra ìrìn-àjò. Ẹ má bi mí pé Ọ̀gá wo. Wọ́n pọ̀ nílùú. Ọmọbìnrin rẹ̀ bímọ sí Houston, òun àti Màmá sì ń lọ wo ìkókó fún ọ̀sẹ̀ méjì. Àpótí ti kún: ẹ̀gúsí, èlùbọ́, ẹja gbígbẹ tí wọ́n fi bébà wé lọ́nà mẹ́ta kó má baà rùn. Kò sẹ́ni tó ṣàánú ẹja inú àpótí. Èyí tó wà nínú omi ló ń kó Ọ̀gá lọ́kàn sókè. Ó kọ àkókò oúnjẹ wọn sínú ìwé, àárọ̀, ọ̀sán, alẹ́, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Ó dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ lórí WhatsApp, ó kó àbúrò ìyàwó rẹ̀, ọmọ aládùúgbò àti mẹ́gáàdì sí i. Ó wá pàṣẹ pé ẹnikẹ́ni tó bá ti wọlé, kó bu nǹkan fún wọn.

Ọ̀gá yìí kan náà ló gba ààwẹ̀ ọjọ́ 21 níbẹ̀rẹ̀ ọdún, tó sì jẹ́rìí níwájú ìjọ pé ara òun fúyẹ́, ojú òun sì mọ́lẹ̀ sí i. Àwọn ẹja rẹ̀ ni kò gbọdọ̀ gba ààwẹ̀ ọjọ́ kan.

Bẹ́ẹ̀, nínú gbogbo ará ilé náà, ẹja ni ààwẹ̀ rọ̀ lọ́rùn jù. Púpọ̀ nínú ohun tí àwa èèyàn ń jẹ ló ń bá mímú ara gbóná lọ. Ẹja kò ní ìnáwó yẹn. Bí omi bá ṣe gbóná tó ni ara rẹ̀ ń gbóná tó. Ẹja tó ti dàgbà, tí ara rẹ̀ sì dá ṣáṣá, lè lo ọjọ́ 7 láìjẹun kó má mọ̀ ọ́n lára. Ọmọ ẹja wẹ́wẹ́ ni kò ṣeé ṣe bẹ́ẹ̀ fún. Goldfish tí Ọ̀gá fẹ́ràn jù kò tilẹ̀ ní àpò ikùn. Ohun tó bá gbé mì, ìfun ló gbà lọ tààrà. Ìdí nìyẹn tó fi ń sáré wá sí ojú gíláàsì nígbàkigbà tí èèyàn bá kọjá, tó ń ya ẹnu. Ọ̀gá ní ó ń kí òun.

Nínú odò tiwa níbí ńkọ́? Ẹja kan wà tó gùn gbọọrọ, Erpetoichthys calabaricus lórúkọ tí àwọn onímọ̀ fún un. Láti Odò Ògùn títí dé Congo ni ilé rẹ̀. Wọ́n ń kó o lọ sí òkè òkun, wọ́n ń tà á fún àwọn olólùfẹ́ ẹja, débi pé èèyàn lè tètè rí i nínú gíláàsì ní London ju kó rí i ní Abẹ́òkúta lọ. Omi ń kún, omi ń fà, oúnjẹ ń pọ̀, oúnjẹ ń wọ́n. Kò sẹ́ni tó lẹ ìwé oúnjẹ mọ́ ògiri odò.

Ohun tó ń pa ẹja inú gíláàsì ni àjẹkù. Èyí tí ẹja kò rí jẹ yóò rì sísàlẹ̀, yóò jẹrà, yóò sì di amóníà. Amóníà yìí a máa jó ẹja níbi tó fi ń mí. Ẹja fúnra rẹ̀ ń tú u jáde tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn bakitéríà kan ń gbé inú fóòmù fíltà tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti sọ amóníà di nitrite, kí àwọn mìíràn sì sọ nitrite di nitrate, tí kò le tó bẹ́ẹ̀, tí a sì ń fi pípààrọ̀ omi dín kù. Nínú táńkì tuntun, ó tó ọ̀sẹ̀ 4 sí 6 kí wọ́n tó fìdí kalẹ̀. Àwọn wọ̀nyí ló yẹ kí Ọ̀gá kó sínú ẹgbẹ́ WhatsApp rẹ̀, nítorí àwọn gan-an ni olùtọ́jú ilé. Atẹ́gùn inú omi tó ń ṣàn gba fíltà kọjá ni wọ́n ń mí. Bí iná bá lọ, tí kò sí jẹnẹrétọ̀, láàárín wákàtí díẹ̀ ìnira ti dé bá wọn. Omi gbígbóná kì í sì í gba atẹ́gùn púpọ̀ dúró. Ẹ wá fi ẹ̀kúnwọ́ oúnjẹ lé omi bẹ́ẹ̀ lórí, kẹ́ ẹ wo ohun tí yóò ṣẹlẹ̀.

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, òun náà la fi ń pa ẹja. Àbúrò ìyàwó á fún wọn láàárọ̀. Ọmọ aládùúgbò á ti ilé ìwé dé, yóò rí i pé wọ́n ń ya ẹnu, àánú á ṣe é. Àwọn olówó mìíràn tiẹ̀ ní àwọn kò fọkàn tán èèyàn, wọ́n ra ẹ̀rọ tó ń da oúnjẹ sínú omi fúnra rẹ̀. Ìyẹn dára, bí wọ́n bá ti dán an wò fún bí ọ̀sẹ̀ kan kí wọ́n tó kúrò nílé. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọ̀rinrin Èkó á mú oúnjẹ inú rẹ̀ dì pọ̀. Nígbà mìíràn kò ní já rárá, nígbà mìíràn gbogbo rẹ̀ á já lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn mìíràn ra bíríkì oúnjẹ funfun tí wọ́n ní ó ń yọ́ díẹ̀díẹ̀. Omi ni bíríkì náà máa ń kọ́kọ́ bà jẹ́.

Mẹ́gáàdì ni n kò tíì sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ọmọ Ìlàjẹ ni, ó sì ti ṣiṣẹ́ rí ní oko ẹja àrọ̀ ní Ìkòròdú. Níbẹ̀, bí wọ́n bá fẹ́ kó ẹja lọ sọ́jà lọ́la, wọn kì í fún un lóúnjẹ lónìí, kó má baà ba omi jẹ́ lójú ọ̀nà. Bí ọkọ̀ Ọ̀gá ṣe jáde ní géètì, ó gbé agolo oúnjẹ ẹja pamọ́ sí àjà, ó pààrọ̀ ìdá kan nínú mẹ́rin omi náà, ó sì fi síbí ìpotíì wọn oúnjẹ díẹ̀díẹ̀ sínú bébà, èyí tí yóò máa fún wọn ní ọjọ́ mẹ́ta-mẹ́ta. Nígbà tí iná lọ ní gbogbo òru kan, ó bu omi inú táńkì náà gan-an fi ṣan fóòmù kó tó tan fíltà padà. Kò lo omi ẹ̀rọ, nítorí kílóríìnì inú rẹ̀ lè pa àwọn bakitéríà náà. Lórí WhatsApp, bí Ọ̀gá bá ti béèrè pé, "Ṣé wọ́n ti jẹun?" yóò dáhùn pé, "Wọ́n ti yó, sà." Gààrí ni òun alára ń mu, Ọ̀gá kò rántí fi owó oúnjẹ sílẹ̀ fún un.

Ọ̀gá dé, kò tíì bọ́ bàtà tó ti dúró níwájú gíláàsì. Omi mọ́ gaara, kò sí èyí tó kú.

"Wọ́n rù," ló wí. Ó pàṣẹ kí wọ́n gbé agolo wá, ó sì da ẹ̀kúnwọ́ méjì lé wọn lórí.

"Ẹ káàbọ̀, sà," ni mẹ́gáàdì fi dá a lóhùn. "Owó oúnjẹ tèmi tí mo sọ fún yín lórí fóònù ńkọ́?"

"Ṣé o ò rí i ni?" ni Ọ̀gá wí. "Jẹ́ kí àwọn wọ̀nyí kọ́kọ́ jẹun ná."